Òkúta Ààlà Lókè Bardonecchia

Torino,
Oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú òjò tó ń rọ̀ sórí òkè Ìdànrè lásìkò yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, orúnkún mi méjèèjì ló kan ilẹ̀ ilé ìdáná wa níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, tí mo mọ̀ pé òun ni yóò máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí ìyàwó wọn, ìyàwó ilé wa tó ń tọ́jú yín. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa. Mo sì kí àwọn àna mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, nítorí mo fẹ́ kí ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó gbọ́. Lẹ́tà gbogbo ilé ni èyí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ láàbọ̀, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ parí èyí tó kù.

Bùrọ̀dá mi, kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ìyàwó wa bu oúnjẹ gbígbóná wá síwájú Màmá. Kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí wọ́n fi ìdérí dé e. Màmá, mi ò ní kí ẹ jẹ ẹ́ o. Mo mọ ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ yín kí ẹ dà á. Kó ṣáà wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé etí yín ṣáájú lẹ́tà mi. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa wálé láìpẹ́ yìí, ó sì ti ròyìn kiri pé dókítà ní kí ọkọ èmi Fúnmiláyọ̀ lọ sinmi, pé ibi tó dára wà nílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ fi agídí gbé e lọ síbòmíràn, ọkùnrin náà sì ṣubú lulẹ̀ lórí òkè. Ẹ̀yin àna mi, kò parọ́. Ọmọ yín ṣubú lóòótọ́. Àmọ́ ìròyìn ò tó àfojúbà, arábìnrin náà kò sì sí níbẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni ọkọ mi, Bàbá Tósìn, ti ń ṣiṣẹ́. Èéfín ibẹ̀ kì í ṣe èéfín igi tí a mọ̀ nílé. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni ikọ́ ti mú un, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lóru, Tósìn ọmọ wa á fi ìrọ̀rí bo etí. Dókítà yẹ àyà rẹ̀ wò, ó ní nǹkan kò tíì bàjẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kó wá ọjọ́ díẹ̀ lọ sí apá òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, kó máa rìn jẹ́jẹ́, kó sì máa jẹun dáadáa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn sọ́kàn o.

Ní ìlú yìí, bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn. Torino á wá dá páropáro. Oníbúrẹ́dì á lọ, agẹrun á lọ, ìwé pélébé nìkan ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé àwọn ti lọ sinmi. Àwa àjèjì àti àwọn arúgbó tí kò sẹ́ni tó mú wọn dání la máa ń ṣẹ́kù, a ó sì máa wo ara wa lójú láti ojú fèrèsé. Ọdọọdún la máa ń lo ìsinmi yẹn nínú ilé, ooru á sì máa mú wa. Lọ́dún yìí, torí ikọ́ yẹn, a pinnu pé àwa náà á lọ.

Ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú láràárọ̀, Signora Piera, ló kọ́kọ́ nawọ́ sí wa. Mo ti wẹ̀ ẹ́ tán, mò ń di irun rẹ̀, ló bá ní ẹ̀gbọ́n òun ní ilé kékeré kan ní Cogne, lápá Aosta, pé yàrá kan ṣófo níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní pápá tó tẹ́jú ló wà níwájú ìlú náà, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju ohun tí àyà ọkọ mi lè gbà lọ. Ó ní kí n fún òun lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Tósìn, ẹ̀rín tí mi ò rí lójú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni mo rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà tó máa fi rìn.

Ìlú kejì ni Bardonecchia. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé ni dé ibẹ̀ tààrà láti Torino, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì sì ní ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gba àlejò. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ bíi ti Cogne, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ga, ó sì nira. Kì í ṣe tìtorí afẹ́fẹ́ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ìlú yẹn ni Ítálì parí sí. Bí a bá ti gun òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ Faransé ló kàn. Ilẹ̀ Faransé ni Adéwálé wà.

Màmá, a gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jókòó yí rédíò ká. Ẹ kí wa tán, ẹ wá bá wa wí pé Tósìn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà, pé bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èdè Ítálì ló fi ń dá yín lóhùn, pé ṣé ọmọ ilé ni tàbí ọmọ ìta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn yín yí padà. Ẹ ní ọdún kẹfà rèé tí àbíkẹ́yìn yín ti lọ, ẹ ò rí ìwé, ẹ ò rí fọ́tò. Ẹ ní bí mo ṣe ń sọ pé mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn, pé ẹni tó bá fẹ́ tan ni jẹ lè sín ohùn olóhùn jẹ. Ẹ ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wá sọ pé ẹ ti bá Ọlọ́run ṣe é ní májẹ̀mú: lójoojúmọ́, nǹkan kan kò ní kan ẹnu yín títí oòrùn á fi wọ̀, títí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín á fi fojú ara rẹ̀ rí Adéwálé láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bùrọ̀dá mi kọ̀wé pé ẹ ti ń rù, pé òòyì ti kọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, pé ẹ ò gbọ́ ìpẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Adéwálé kò kú, kò sì ṣẹ̀wọ̀n. Ìwé tó lọ kà ní Grenoble ló dá dúró lágbedeméjì, ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì kú. Ilé oúnjẹ kan ló ti ń fọ abọ́ báyìí, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kó kọ̀wé sí yín. Èmi kò lè lọ bá a, nítorí soggiorno wa, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gbà wá láyè láti máa gbé níbí, wà ní Questura, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, fún àtúnṣe, ìwé tí wọ́n fún wa dípò rẹ̀ kò sì lè gbé wa kọjá ilẹ̀ Ítálì. Òun náà kò lè wá. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Faransé bọ̀, àwọn ọlọ́pàá á wọlé, wọ́n á máa wo ojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú dúdú ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ rí. Ọmọ ìyá méjì ni wá, òkè ló la àárín wa.

Lọ́jọ́ kan tí mo pè é láti inú àgọ́ fóònù, ó ní ẹnìkan tó ń dáná níbi iṣẹ́ òun sọ fún òun nípa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan lókè Bardonecchia. Ó ní ará Faransé àti ará Ítálì jọ ń rìn níbẹ̀ nígbà ìsinmi, kò sí géètì, kò sí ọlọ́pàá tó dúró síbẹ̀, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n fi pààlà. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń fún un láyè lọ́jọ́ Ajé.

"Sìsítà mi," ó ní, "bí ẹ bá lè dé ìdí òkúta yẹn, ẹ ó rí mi."

Káàdì fóònù mi tán bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo di fóònù tó ti kú mú.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Bàbá Tósìn kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àyà òun kò lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Ó ní èyí tó tún le jù ni pé bí wọ́n bá ká wa mọ́ ẹni tí kò ní ìwé, tiwa tó wà ní Questura kò ní jáde mọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì di ẹni tí wọ́n ń lé kiri. Ó bi mí pé ṣé a ó torí ẹnìkan pàdánù mẹ́ta. Mo ní ẹnìkan yẹn, ọmọ ìyá mi ni. Láti ọjọ́ yẹn, a ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Tósìn ni mò ń rán sí i nínú yàrá méjì péré: sọ fún Daddy pé omi ti gbóná. Ọmọ náà á lọ sọ ọ́ ní èdè Ítálì, á sì gbé èsì padà wá ní èdè Ítálì. Ó bi mí pé ṣé àwọn àgbà Nàìjíríà máa ń ní agbọ̀rọ̀sọ nínú ilé ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò lè rín in.

Ẹ̀yin àna mi, mi ò sọ pé ohun tí ọmọ yín wí burú. Kò burú rárá, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló ń sọ ni, ǹ bá ti mọ èsì tí mo máa fún un. Bí mo bá mú Cogne, mò ń rí Màmá tí wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí mo bá mú Bardonecchia, mò ń rí ọkọ mi tí èémí rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Oorun dá lójú mi. Lẹ́nu iṣẹ́, mo bu iyọ̀ sínú tíì Signora Piera, ó sì mu ún tán.

Nígbà tí mo darí dé lọ́jọ́bọ̀, ohùn yín ni mo gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, Màmá. Bàbá Tósìn ló dá jókòó ti rédíò nínú ilé ìdáná, ó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yín. Kò gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Màmá ò ní kí a gbọ́ ohùn ọmọ àwọn. Wọ́n ní kí ojú rí i." Ó pa rédíò náà. Ó ní Bardonecchia la ń lọ.

Àmọ́ ó fi àdéhùn kan sí i, ó sì ní kí n gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ó ní òkúta ni òkúta. Adéwálé á dúró ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, àwa á dúró ní ẹ̀gbẹ́ tiwa. Mo lè wò ó, mo lè bá a sọ̀rọ̀, mo lè nawọ́ dì mọ́ ọn, mo lè ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ìhà ibí, èmi kò sì gbọdọ̀ pè é kó wá, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀. Mo búra. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Signora Piera bínú díẹ̀ pé a kọ Cogne. Síbẹ̀, ó ní kí n mú ọ̀pá tí ọkọ òun tó ti kú máa ń fi gun òkè, ó wá di ọwọ́ mi mú. "In montagna si mangia, Funmi," ó ní. Ìyẹn ni pé lórí òkè, ńṣe là ń jẹun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níjọ wa. Bí ará Ítálì bá ní òun ń lọ sórí òkè, wọ́n á bi í pé ṣé bàtà rẹ̀ nípọn, ṣé ó ti ra wàrà àti ẹran gbígbẹ dání. Bí ọmọ ìjọ wa bá sọ ọ́, ohun tí wọ́n á bi í ni pé ọjọ́ mélòó ló fẹ́ fi gbààwẹ̀. Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè la máa ń bá yín gùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, àfi ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣàlàyé fún àwọn arábìnrin pé ìsinmi la fẹ́ lọ lò, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ta ló ń gun òkè tó ń jẹun. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé wa lórí, àwọn ará sì kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sínú bébà kéékèèké pé ká bá wọn gbé e dókè. Bàbá Tósìn kó gbogbo rẹ̀ sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Mi ò rò ó sí nǹkan kan, nítorí inú àṣà yẹn ni wọ́n bí èmi náà sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la dé Bardonecchia. Òtútù ibẹ̀ kò mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni. Àwọn màlúù ń jẹ koríko kiri pẹ̀lú agogo lọ́rùn, Tósìn sì ń sáré tẹ̀lé wọn. Ikọ́ Bàbá Tósìn rọlẹ̀, àmọ́ bí mo bá gbé oúnjẹ wá, á ní òun á jẹ ẹ́ tó bá yá. Á di panino tirẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí láàárín, mọ́ bébà, á tì í bọ inú báàgì, á ní òun á jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ọkàn mi wà lọ́jọ́ Ajé, mi ò wo àwo ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án Sunday, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń ka bébà àwọn ará ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì.

Lọ́jọ́ Ajé, a jáde ní kùtù. Ọ̀nà náà gba inú igbó kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láìdẹwọ́. Ọ̀pá Signora Piera wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀. Mo ní kó mu omi, ó ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Mo ní ká jókòó, ó ní ká má jẹ́ kí ọmọkùnrin náà dúró títí. Kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ń bo orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá pàdé wa ń kí wa, bí wọ́n bá sì ti kọjá tán ni mo máa ń bojú wẹ̀yìn pé bóyá ọlọ́pàá ni.

Igbó parí, ilẹ̀ là, mo sì rí òkúta náà. Kò tóbi. Kò ga ju àpótí tí à ń jókòó lé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù pupa dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò. Ó yọ ọwọ́ kan, ó jù ú sókè. Màmá, mo mọ ìjùwọ́ yẹn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà.

Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mo yíjú padà pé kí Bàbá Tósìn wò ó, kò sí lẹ́yìn mi mọ́. Ó ti wó lulẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀pá náà ń yí lọ nísàlẹ̀. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí, ètè rẹ̀ funfun, òógùn tútù sì bò ó. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Tósìn ń pariwo. Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà lákòókò yẹn, kùrukùru sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí wa.

Mo gbójú sókè, mo wo òkúta náà. Adéwálé ti dé ìdí rẹ̀ gan-an. Ó dúró. Mo ti sọ àdéhùn wa fún un lórí fóònù, ó mọ̀ ọ́n. Ó ń wo ẹnu mi. Mo fẹ́ pè é. Ẹ̀yin àna mi, mo ti la ẹnu kí n pè é. Bí mo bá pè é, tí wọ́n bá mú un, wọ́n á dá a padà sílé bí ẹrù òfìfo, ọmọ yín á sì ní mo fi Bíbélì parọ́ fún òun. Bí mi ò bá pè é, ẹni tó wà lórí itan mi lè kú. Mo pa ẹnu mi dé. Mi ò tíì ṣe ohun tó le tó ìyẹn rí láyé mi.

Adéwálé kò dúró kí n pè é. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá òkúta, ó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, kò kí mi, kò dì mọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi, ó kẹ́yìn sí mi, ó ní, "Ẹ gbé Bùrọ̀dá lé mi lẹ́yìn."

Báyìí ló ṣe pọ̀n ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á fara ti igi, á mí, á tún gbéra. Níbi tí òkè náà ti parí, ilé kan wà tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wọlé. Àwọn aṣọ́bodè méjì ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ń mu kọfí. Adéwálé ti wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò sí ibi tó lè padà sí.

Wọ́n dìde. Wọ́n bá a gbé Bàbá Tósìn sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Obìnrin tó ni ilé náà bu omi tí wọ́n yọ́ ṣúgà sí wá, ó ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Tósìn la ojú. Ìgbà yẹn ni èyí tó dàgbà nínú àwọn aṣọ́bodè náà yíjú sí Adéwálé, ó bi í níbi tó ti wá. Adéwálé kò gbọ́ èdè Ítálì. Bó bá la ẹnu, èdè Faransé ló máa jáde. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, gbogbo èdè Ítálì tí mo mọ̀ sì ti fò lọ lórí mi.

Tósìn ló lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò rí i rí láyé àfi ọjọ́ yẹn. Ó ní, "È mio zio. È di casa nostra." Ìyẹn ni pé, àbúrò ìyá òun ni, ọmọ ilé wa ni. Kò parọ́, Màmá. Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo òógùn tó ń kán lára Adéwálé, ó wo ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí obìnrin náà gbé ọbẹ̀ gbígbóná fún ẹni tó gbé aláìsàn wá. Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jáde. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀.

Nígbà tí mo ṣí báàgì Bàbá Tósìn pé kí n mú aṣọ tó gbẹ, panino ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, gbogbo èyí tí mo ti ń gbé fún un láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní Torino. Kò tọ́ ọ̀kan wò. Ó ti ń gbààwẹ̀ gbígbẹ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò jẹ, kò mu. Ó ní òun kò lè gun òkè Ọlọ́run pẹ̀lú ikùn kíkún. Inú bí mi débi pé mo bi í pé ẹ̀bẹ̀ ta ni nínú àwọn ará ìjọ ló tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe tiwọn. Ó ní, "Ti Adéwálé ni. Pé kí Ọlọ́run fún un ní ìwé." Adéwálé gbé ṣíbí kalẹ̀, ó fi apá bo ojú.

Bàbá Tósìn wá wò ó tìtìtì. Ó ní, "Ìwọ, ṣé mi ò ní kí o dúró lẹ́yìn òkúta?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. Adéwálé ní kí wọ́n má bínú, ojú òun ni kò rí òkúta náà dáadáa nínú kùrukùru. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ rẹ́rìn-ín. A jọ jẹun nídìí tábìlì kan, a jọ kó ọwọ́ sínú àwo kan bíi ti ilé, obìnrin náà ń wò wá. Nígbà tí ọ̀sán ń lọ, Adéwálé dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi lórí ilẹ̀ ilé olóúnjẹ yẹn, ó dì mọ́ mi, kò fẹ́ tú mi sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà òkè náà padà. Mo dúró níta títí ẹ̀wù pupa náà fi wọnú igbó. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti délé. Òru ọjọ́ yẹn gùn ju gbogbo òru tí mo ti mọ̀ lọ.

Ẹ̀yin àna mi, ara ọmọ yín ti yá. Dókítà bá a wí bí ọmọdé, ó sì ti ń jẹun bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ikú tó fẹ́ pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ la ó dú. Signora Piera ní lọ́dún tó ń bọ̀, Cogne ni dandan. Bàbá Tósìn ní kí n kí i dáadáa, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó ti bá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Bardonecchia sọ̀rọ̀ nípa yàrá ọdún tó ń bọ̀.

Màmá, kò sí fọ́tò. Kámẹ́rà wà nínú báàgì, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú wàhálà yẹn. Ẹ ó ní báwo lẹ ṣe máa mọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi, tó kẹ́yìn sí mi pé kí n gbé ọkọ mi lé òun, mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Àpá tí epo gbígbóná dá sí i lára nígbà tó ń rákò, èyí tí ẹ fi oyin pa fún un, tí ẹ ò sùn, wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ó ti tẹ́, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó fojú ara yín rí i lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ó sì fi ẹnu yín kì í. Ilé kò ní dàrú lẹ́yìn wa, àwa náà kò ní sọnù sí àjò. Bàbá Tósìn dọ̀bálẹ̀ kí yín. Tósìn ní kí n sọ fún yín pé ẹ kú ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò kọ́ ọ. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, ẹ kí ìjọ, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè wa.

Bùrọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣí àwo yẹn.

Màmá, mo fojú mi rí i. Ẹ̀jẹ́ yín ti pé. Ẹ jẹun.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀.